Ìyẹ́ Adìẹ Lára Ògiri

Bí ẹ bá dé Ọjà'ba, tí ẹ ní ẹ ń wá ẹni tí yóò bá yín pa adìẹ, tí yóò hú u, tí yóò là á, tí ẹ̀jẹ̀ kò sì ní ta sí yín láṣọ, ìsọ̀ Qúdrát ni wọn yóò júwe fún yín. Ìyá Aládìẹ ni gbogbo ọjà ń pè é. Obìnrin kúkúrú ni, ó dúdú, ó ń dán, ìborí funfun ló sì máa ń wé lọ síbi iṣẹ́ tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń wọ àkísà lọ. Àwọn oníbàárà a máa bi í bó ṣe ń ṣe é tí ìborí náà fi ń funfun di ìrọ̀lẹ́. Á rẹ́rìn-ín, á ní, "Ẹni tó bá kórìíra ìdọ̀tí, ìdọ̀tí náà á máa sá fún un."

Kì í ṣe ẹnu lásán. Òun ló ń gbá gọ́tà iwájú ìsọ̀ rẹ̀. Ó ń da ísáàlì sílẹ̀ láàárọ̀, ó tún ń dà á bó bá fẹ́ palẹ̀ àtẹ mọ́. Ọmọ tó bá mu píọ̀ wọ́tà tó ju ọ̀rá rẹ̀ sílẹ̀ lójú rẹ̀ yóò pa dà wá ṣà á, yóò sì bẹ̀bẹ̀ kó tó lọ. Nínú agbo ilé ọkọ rẹ̀ ní Kúdẹtì, bí àwọn ìyàwó ilé bá ń fa ọ̀rọ̀ ta ló kàn láti gbá ojúde, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi ń parí ìjà: "Ṣé ẹ ò lè ṣe bíi ti Ìyá Aládìẹ ni?" Ká má purọ́, ọ̀rọ̀ yẹn máa ń dùn mọ́ ọn nínú. Ó lówó díẹ̀, kò lówó púpọ̀, kò kàwé jìnnà, àmọ́ ìmọ́tótó jẹ́ oyè tí ẹnikẹ́ni kò lè gbà lórí rẹ̀.

Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú ni wọ́n bí i sí. Ìgbà tí Muhydeen gbé e níyàwó wá sí Kúdẹtì ló kọ́ iṣẹ́ adìẹ lọ́wọ́ ìyá ọkọ. Ìyá àgbà yẹn kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń wo ojú adìẹ kí wọ́n tó mọ̀ bóyá àìsàn ti wọ̀ ọ́ lára, ó sì kọ́ ọ bí omi ṣe gbọ́dọ̀ gbóná tó kí ìyẹ́ lè tú, kí awọ má sì bó. Muhydeen ló ń dúńbú, Qúdrát ló ń hú. Ìyá àgbà náà ló sì kọ́ ọ ní ohun tí wọ́n ń fi ìyẹ́ ṣe. "Bí ojú ọ̀run bá ti ṣú," ó ní, "di ẹnu àpò, gbé e lọ sódò. Odò kì í kọ ẹrù."

Nígbà tí ìyá àgbà ń sọ bẹ́ẹ̀, òótọ́ ló ń sọ. Eérú, èèpo iṣu àti ewé ni ayé ń dà sódò Kúdẹtì nígbà náà. Odò ọ̀hún fẹ̀, ó ní etí, koríko wà létí rẹ̀, àwọn ọmọdé ń mú akàn níbẹ̀. Nígbà tó yá, ẹnì kan kọ́ ilé ìdáná sí etí odò. Ẹlòmíì rí i, ó fa ògiri tirẹ̀ kọjá ti ẹni àkọ́kọ́. Ẹnì kan da iyẹ̀pẹ̀ sínú omi, ó kọ́ ṣọ́ọ̀bù sórí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni odò ń súnkì títí tó fi dà bí ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé. Afárá tí ọkọ̀ ń gbà kọjá lórí rẹ̀ kò yí pa dà ní tirẹ̀. Ihò tó wà lábẹ́ rẹ̀ láti ayébáyé náà ni omi ń bá kọjá. Ọkọ̀ akólẹ̀ ń wá nígbà tó bá wù ú. Bí òjò bá ti ń bọ̀, wàá rí àwọn obìnrin tí wọ́n ń jáde láti agbo ilé gbogbo pẹ̀lú bàsíà, garawa àti àpò, bí ẹni ń lọ ponmi. Wọn kò lọ ponmi.

Ọ̀sán Sátidé kan ló ṣẹlẹ̀, nínú oṣù kẹsàn-án. Ìgbéyàwó pọ̀ nígboro lọ́jọ́ náà, adìẹ tà débi pé ìka ọwọ́ Qúdrát wú. Ìyẹ́ sì pọ̀. Nígbà tí òjò ṣú lórí òkè Mápó, ó kó ìyẹ́ náà sínú àwọn àpò oúnjẹ adìẹ, ó fi okùn aṣọ di ẹnu wọn dáadáa nítorí kò fẹ́ràn kí nǹkan máa fọ́n kiri lójú títì. Muhydeen bá a fi kẹ̀kẹ́ gbé wọn dé etí odò. Ó bá Zulaihat níbẹ̀, aládùúgbò rẹ̀ tó ń ta ata, ó ń da àtẹ ata jíjẹrà sómi.

"Ìyá Aládìẹ, òjò yìí á tó wa lò o," Zulaihat ní.

"Kó sáà gbé e lọ," Qúdrát dáhùn.

Ó ti àwọn àpò náà sómi lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó wò wọ́n títí wọ́n fi yí igun. Ó gbọn ọwọ́ méjèèjì, ó wọlé lọ ṣe àlùwàlá, ó kírun Alásárì. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀, bí ẹni tó ti parí iṣẹ́ ọjọ́.

Òjò náà kò rọ̀ bí òjò tí ń bínú. Ó kàn ń rọ̀ ni, kò dákẹ́. Qúdrát ti po tíì, ó ti jókòó sójú fèrèsé, kó tó gbọ́ igbe láti ìsàlẹ̀. Ilé ọkọ rẹ̀ wà lórí gegele. Àwọn ilé tó kù rọra ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sétí omi. Ohun tó kọ́kọ́ gbọ́ kò yé e. Ẹnì kan ń pariwo pé, "Odò ń pa dà bọ̀! Odò ń pa dà bọ̀!"

Lóòótọ́ ló ń pa dà bọ̀. Ihò abẹ́ afárá ti dí. Omi tó yẹ kó gba ibẹ̀ lọ kọlu ìdọ̀tí tó há síbẹ̀, ó yíjú pa dà, ó gun òkè wá sínú ilé àwọn èèyàn. Ó wọ ilé ìdáná, ó gba yàrá. Ìkòkò ń léfòó, bàtà ń léfòó. Àwọn ọkùnrin sáré sọ̀ kalẹ̀, Muhydeen wà lára wọn, ṣòkòtò rẹ̀ ká dé orúnkún, kò pẹ́ tí omi fi kọjá ibi tó ká a dé.

Ọmọ́wùmí ni wọ́n sáré lọ bá. Ọmọbìnrin yìí ń ṣe irun fún àwọn èèyàn, yàrá kan ló háyà nínú ilé tó kángun sódò, ọkọ rẹ̀ Gbénga sì ń wa tírélà lọ sókè Ọya, kì í fi bẹ́ẹ̀ sí nílé. Òun àti ọmọ rẹ̀ Bọ́lájí, tí kò tíì rá, ni wọ́n sùn lọ́sàn-án yẹn. Ìgbà tí tìmùtìmù bẹ̀rẹ̀ sí í mì lábẹ́ rẹ̀ ló lajú. Ó fa ilẹ̀kùn, omi ti tì í pa. Ó gun orí tábìlì, ó gbé ọmọ sókè orí, ó ń kígbe. Àwọn ọkùnrin fi irin já fèrèsé, wọ́n gba ọmọ, wọ́n fa ìyá jáde. Ọmọ náà ti mu omi. Ó ń wúkọ́, ó ń bì.

Qúdrát ló gbà á lọ́wọ́ wọn lórí gegele. Ó gbé e wọlé, ó bọ́ aṣọ tútù lára rẹ̀, ó nù ún, ó fi ìborí ara rẹ̀ wé e. Ìyẹ́ funfun kan lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn etí ọmọ náà. Qúdrát mú un kúrò, ó jù ú nù, bó ṣe máa ń ṣe lójoojúmọ́ ayé rẹ̀, kò tilẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Nígbà tí òjò dá, oníròyìn rédíò kan dé pẹ̀lú máìkì. Àwọn èèyàn ti Qúdrát síwájú. "Ìyá Aládìẹ, ẹ̀yin lẹ lẹ́nu, ẹ bá wa sọ ọ́." Ọmọ ṣì wà léjìká rẹ̀. Ó sọ ọ́.

"Ìjọba ló fi wá sílẹ̀," ó ní. "Wọn ò gbẹ́ odò, wọn ò kólẹ̀ déédéé. Àwa tí ẹ ń wò yìí, a mọ́ tónítóní. Àwọn onídọ̀tí tí wọ́n wà lókè lọ́hùn-ún ni wọ́n ń da pàǹtí sódò, àwa ni omi wá ń yalé. Ẹ bá wa sọ fún wọn kí wọ́n bẹ̀rù Ọlọ́run!"

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Ẹnì kan tilẹ̀ ní ó yẹ kí wọ́n fi joyè.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, omi ti fà. Qúdrát kó ìgbálẹ̀, garawa àti ísáàlì, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ bá wọn tún ilé ṣe. Bí kò bá lọ, ta ni yóò lọ? Yàrá Ọmọ́wùmí ló kọ́kọ́ wọ̀. Ọmọ́wùmí ń fọ ẹrẹ̀ lára ẹ̀rọ tó fi ń mú irun gbẹ. Qúdrát gbójú sókè kó lè mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀.

Ìyẹ́ ló rí. Ibi tí omi ga dé lára ògiri, ibẹ̀ ni ìyẹ́ adìẹ lẹ̀ mọ́ yí yàrá náà ká, funfun báláú, bí ìgbà tí ẹnì kan mọ̀ọ́mọ̀ fi ṣe ọ̀ṣọ́. Ó lẹ̀ mọ́ fótò ìgbéyàwó Ọmọ́wùmí. Ó lẹ̀ mọ́ àwọ̀n ẹ̀fọn ọmọ. Qúdrát jáde, ó wọ yàrá kejì. Ìyẹ́ wà níbẹ̀. Ó wo ilé tó tẹ̀ lé e láti ẹnu ọ̀nà, ìyẹ́. Gbogbo ìsàlẹ̀ odò ló ti di ìsọ̀ rẹ̀.

Kì í ṣe ìyẹ́ nìkan ni omi gbé wá, ẹ jọ̀wọ́. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà wà níbẹ̀, ó pọ̀ ju ìyẹ́ lọ. Ike wà, àkísà wà, ata jíjẹrà náà wà. Ṣùgbọ́n ọ̀rá píọ̀ wọ́tà kò ní orúkọ. Gbogbo ìlú ló ń mu píọ̀ wọ́tà. Ní gbogbo àdúgbò yẹn, ta ló ń hú adìẹ bí kò ṣe ẹnì kan?

Ó tẹ̀ ba, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbálẹ̀. Bí àwọn obìnrin ṣe ń fọ nǹkan, wọ́n ń sọ̀rọ̀ àwọn nǹkan mìíràn. Ibẹ̀ ló wà tí rédíò ẹnì kan nínú ilé kejì fi gbé ìròyìn sáfẹ́fẹ́, tí ohùn kan sì jáde láti inú rẹ̀, ketekete: "Àwa tí ẹ ń wò yìí, a mọ́ tónítóní. Àwọn onídọ̀tí tí wọ́n wà lókè lọ́hùn-ún..."

Ìgbálẹ̀ dúró lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ìta, ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín, ó sì yára gbé ẹ̀rín náà mì. Wọn kò pa rédíò náà. Ó sọ̀rọ̀ títí dé orí bíbẹ̀rù Ọlọ́run. Nígbà tó parí, Zulaihat wọlé wá, ó rọra gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. "Ẹ fi í sílẹ̀, Ìyá Aládìẹ," ó ní. Kò wo ojú rẹ̀. "Ẹ lọ sinmi nílé. Ó rẹ̀ yín." Bí Zulaihat bá gbá a létí ni, kò ní dùn ún tó bẹ́ẹ̀.

Wọ́n ní ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Nígbà tó ń gun òkè pa dà sílé, òwe yẹn ló ń rò. Eérú tirẹ̀ kò tọ̀ ọ́. Ilé rẹ̀ gbẹ táútáú. Eérú náà ti kọjá lórí rẹ̀, ó lọ bá ọmọ tí kò tíì rá.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Mọ́gàjí Jubril, olórí agbo ilé wọn, kó àwọn ọ̀dọ́ jọ láti lọ hú ohun tó dí abẹ́ afárá. Gbogbo àdúgbò lọ wò ó. Qúdrát kò fẹ́ lọ, ṣùgbọ́n ó rò ó pé bí òun kò bá lọ, wọn yóò wí. Wọ́n hú tìmùtìmù jáde, wọ́n hú táyà, wọ́n hú ọ̀rá tí ẹrẹ̀ ti lẹ̀ pọ̀ di òkúta. Lẹ́yìn náà wọ́n fa àpò kan jáde, ẹnu rẹ̀ ṣì wà ní dídì. Ọ̀dọ́kùnrin tó fà á jáde já okùn rẹ̀ kó lè mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, kò rọrùn fún un láti já. Ẹni tó dì í, ó dì í dáadáa. Ìyẹ́ tútù tú sílẹ̀.

Mọ́gàjí wo àpò náà, ó wo ilẹ̀.

"Ẹ má dárúkọ ẹnikẹ́ni," ó ní. "Gbogbo wa la jọ ṣe é. Ẹ jẹ́ ká máa báṣẹ́ lọ."

Àánú ló fi ṣe. Àmọ́ bó ṣe ní kí wọ́n má dárúkọ, gbogbo ojú ló yí wá, ó dà bíi pé ó ti dárúkọ náà. Qúdrát dúró síbẹ̀, ìborí funfun lórí rẹ̀. Ó wù ú kó ṣí ìborí náà kúrò, kò mọ ibi tí ì bá fi í sí.

Kò lọ sọ́jà fún bí ọjọ́ mélòó kan. Ó ní ara òun kò yá. Muhydeen kò mọ̀ ọ́n tù nínú, ọkùnrin jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ni, ọ̀bẹ ló mọ̀ ọ́n lò ju ọ̀rọ̀ lọ.

"Ìyá Karimat," ó ní ní alẹ́ ọjọ́ kan, ó ń fi orúkọ ọmọbìnrin wọn pè é, "gbogbo ayé ló ń dà á. Èmi gan-an ni mo fi kẹ̀kẹ́ gbé e. Kí ló dé tó o fẹ́ fi ìtìjú pa ara rẹ?"

"Bàbá Karimat, ẹ̀yin ò sọ̀rọ̀ lórí rédíò," ó fèsì. "Ẹ̀yin ò pe ara yín ní ẹni mímọ́."

Ní Ọjọ́rú, ó gbọ́ pé ikọ́ Bọ́lájí kò lọ, pé wọ́n ti dá ọmọ náà dúró ní ọsibítù ní Yemetu. Ó dáná láti gbé lọ fún ìyá ọmọ. Ó nawọ́ sí adìẹ, ó dá ọwọ́ rẹ̀ pa dà, ó se ẹja.

Ọmọ́wùmí wà lórí bẹ́ǹṣì nínú yàrá ọmọdé, ojú rẹ̀ wú. Bó ṣe rí Qúdrát, ó dìde, ó kúnlẹ̀. "Ẹ káàárọ̀, Màmá. Ẹ ṣé, ẹ kú wàhálà."

"Dìde, má kúnlẹ̀ fún mi," Qúdrát ní. Ó ti fi gbogbo ọ̀nà láti Kúdẹtì dé Yemetu to ọ̀rọ̀ sẹ́nu, gbogbo rẹ̀ ti fò lọ. Ó wo ọmọ nínú bẹ́ẹ̀dì kékeré, bí àyà rẹ̀ ṣe ń lọ sókè sódò kíákíá. "Ọmọ́wùmí, èmi ni. Ìyẹ́ yẹn, èmi ni mo dà á. Ìgbà tí òjò ń ṣú ni mo dà á, tí mo tún lọ kírun."

Ọmọ́wùmí kò yíjú sí i. "Mo mọ̀, Màmá. Ta ni kò mọ̀?"

Qúdrát gbà á bẹ́ẹ̀. Ó ti mọ̀ pé bí yóò ṣe rí nìyẹn. Ó gbé abọ́ oúnjẹ kalẹ̀, ó fẹ́ máa lọ, ọmọbìnrin náà bú sẹ́kún.

"Ẹ jókòó, ẹ jọ̀ọ́," ó ní. "Pámpásì ọmọ yìí... mo ti kó o jọ sẹ́yìn fèrèsé láti bí ọ̀sẹ̀ kan. Nígbà tí mo rí i pé òjò ń bọ̀, mo nawọ́ jáde, mo tì í sómi. Mi ò tilẹ̀ jáde nílé. Mo tì í sómi, mo wá lọ sùn. Màmá, nígbà tí wọ́n hú abẹ́ afárá yẹn, mo rí i. Ó pọ̀ níbẹ̀. Ẹ̀yin ni gbogbo wọn ń wò, mo sì dákẹ́. Mo bá wọn wò yín."

Qúdrát jókòó. Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ náà fúyẹ́ lọ́kàn rẹ̀, kò fúyẹ́. Ó rò pé ìtìjú yóò dà bí ẹrù tí ẹlòmíì bá ni gbé lápá kan, àmọ́ ọ̀tọ̀ ni tirẹ̀, ọ̀tọ̀ ni ti ọmọbìnrin yìí, kò sí èyí tó dín kù nínú wọn. Ó kàn di Ọmọ́wùmí lọ́wọ́ mú ni. Wọ́n jọ ń wo àyà ọmọ náà títí nọ́ọ̀sì fi wá lé àlejò jáde.

Ọlọ́run ṣe é, ọmọ náà gbádùn. Nígbà tí wọ́n gbé e pa dà wá sí Kúdẹtì, Gbénga ti dé láti ìrìn àjò, ó sì kó wọn kúrò ní ìsàlẹ̀ odò lọ sílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Qúdrát pa dà sọ́jà. Oníbàárà kò tìtorí rẹ̀ sá lọ. Àwọn èèyàn á jẹ adìẹ ná. Ṣùgbọ́n ó ní orúkọ tuntun. Ìyá Oníyẹ̀ẹ́ ni àwọn onísọ̀ kan ń pè é, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín tẹ̀lé e. Ní àkọ́kọ́, kì í jẹ́. Nígbà tó yá, ó ń jẹ́ ẹ. Ìborí aláwọ̀ eérú ló ń wé báyìí, kò sì sọ ìdí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ó wá ọlọ́mọlanke kan tó ń bá a kó ìyẹ́ lọ sí ààtàn ìjọba. Ọmọ tó bá ju ọ̀rá sílẹ̀ níwájú ìsọ̀ rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló ń bẹ̀rẹ̀ mú un. Ohùn tó fi ń bá wọn wí tẹ́lẹ̀ kò sí lọ́fun rẹ̀ mọ́.

Òjò ńlá mìíràn ṣú kí ọdún tó parí. Qúdrát fi ìsọ̀ sílẹ̀ fún Muhydeen, ó lọ dúró létí odò. Kò mọ ohun tó fẹ́ ṣe níbẹ̀. Obìnrin kan ń bọ̀ láti agbo ilé òkè, àpò wà lórí rẹ̀. Qúdrát kò mọ̀ ọ́n dáadáa.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dà á," ó ní.

Obìnrin náà wò ó láti òkè dé ilẹ̀. "Ẹ̀yin?" ó ní. "Ẹ̀yin Ìyá Oníyẹ̀ẹ́ lẹ ń sọ fún mi?"

Ojú ti Qúdrát débi pé etí rẹ̀ ń hó. Síbẹ̀ kò yẹra lójú ọ̀nà. "Èmi ni," ó ní. "Èmi tí ẹ mọ̀ yìí náà ni mò ń sọ fún yín."

Obìnrin náà pòṣé, ó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, ó ju àpò rẹ̀ sómi, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Qúdrát wo àpò náà bó ṣe ń lọ. Òjò bẹ̀rẹ̀ sí í kán. Ẹlòmíì tún ń bọ̀ láti òkè pẹ̀lú bàsíà lórí, Qúdrát sì nu omi ojú ara rẹ̀, ó lọ pàdé onítọ̀hún.